Ilé òkúta ìlú Bath: Iwájú dọ́gba bí eyín, ẹ̀yìn rí wúruwùru

Ká ní ilé máa ń rojọ́ ni, ilé kọkànlá ní Royal Crescent, nílùú Bath, lórílẹ̀-èdè England, kò ní í dákẹ́ láéláé. Inú ilé yìí ni ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 ti yọ́ jáde lálẹ́ ọjọ́ 18, oṣù kẹta, ọdún 1772, tó bá ọmọkùnrin ẹni ogún ọdún kan sá lọ sílẹ̀ Faransé. Elizabeth Linley lorúkọ ọmọbìnrin náà. Olórin ni, bàbá rẹ̀ náà olórin ni, kò sì sí ẹni tó ń lọ sóde eré ní Bath nígbà yẹn tí kò mọ ohùn rẹ̀. Orúkọ ẹni tó gbé e lọ ni Richard Brinsley Sheridan. Kò lówó, kò nílé, ẹnu dídùn ló ní. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mathews, tó ti níyàwó sílé, ló ń yọ ọmọ náà lẹ́nu tí kò jẹ́ kó gbádùn, ìdí nìyẹn tó fi gbà kí Sheridan gbé òun kúrò nílùú. Nígbà tí wọ́n padà dé, Sheridan àti Mathews fi idà bá ara wọn jà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni, lọ́dún 1772 yẹn kan náà, ìkejì ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí Sheridan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó ṣègbéyàwó tí gbogbo ayé rí. Sheridan ọ̀hún ló wá di gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé, tó tún di aṣòfin.

Ẹ jẹ́ ká fi tọkọtaya yẹn sílẹ̀ síbẹ̀. Ilé tí wọ́n ti sá jáde gan-an ló lọ́rọ̀ nínú jù. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ilé tuntun ni, kódà, wọn ò tíì kọ́ àdúgbò náà tán. Ọdún 1767 ni wọ́n fi òkúta àkọ́kọ́ lélẹ̀ níbẹ̀, ó sì tó nǹkan bíi 1774 kí iṣẹ́ tó parí. Ilé 30 ni. Gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ ara wọn, ògiri kan ṣoṣo ni lánlọ́ọ̀dù méjì jọ ń lò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀ láti ilé kìn-ín-ní títí dé ọgbọ̀n. Wọn ò tò wọ́n gbọọrọ o, ṣe ni wọ́n tẹ̀ wọ́n bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Òpó òkúta 114 ló wà níwájú wọn, òpó kọ̀ọ̀kan gùn kọjá àjà méjì. Ẹni tó bá dúró lórí pápá koríko tó wà níwájú rẹ̀, tí kò sì mọ ìtàn, yóò ní ààfin ọba kan ṣoṣo lòun ń wò. Irọ́ ni. Ilé èèyàn ọgbọ̀n ni.

Àwọn èèyàn wa tó ń gbé Peckham, ní London, mọ irú ilé àsopọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń sùn tí wọ́n ti ń jí. Ṣùgbọ́n bíríkì ni wọ́n fi kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ti London. Ti Bath yìí, òkúta ni, òkúta aláwọ̀ oyin tí wọ́n gbẹ́ lábẹ́ àwọn òkè tó yí ìlú náà ká.

Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ béèrè ni pé báwo ni ilé ọgbọ̀n, tó ní olówó ọgbọ̀n, ṣe wá bára mu tó báyẹn? Ẹni tó bá mọ̀wà lánlọ́ọ̀dù mọ̀ pé bí ẹnì kan bá kun ilé rẹ̀ lọ́dà funfun, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á fẹ́ kun tiẹ̀ ní búlúù, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun náà dé. Ọgbọ́n tí John Wood kékeré, ẹni tó ya pláànù Royal Crescent, ta rèé: iwájú ilé ló ń fún èèyàn, kò fún wọn ní odindi ilé. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ yóò gba ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká lára ògiri iwájú, ìyẹn ògiri tí Wood ti pinnu bí yóò ṣe rí láti ìsàlẹ̀ dókè, òpó rẹ̀, fèrèsé rẹ̀, gíga rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan an. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà lẹ́yìn ògiri yẹn, ìyẹn kan onílé. Olúkúlùkù gba ayàwòrán-ilé tirẹ̀, ó ní kó kọ́ yàrá bó ṣe wù ú.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé béèyàn bá rìn yí po, tó lọ sí ẹ̀yìn Royal Crescent, ẹnu á yà á. Òrùlé kan ga, èkejì kúrú. Ẹnì kan yọ yàrá síta, ẹlòmíràn ò yọ. Fèrèsé tibí kò dọ́gba pẹ̀lú tọ̀hún, òkúta tí wọ́n fi kọ́ ọ gan-an kì í ṣe èyí tí wọ́n gé tó ń dán bíi ti iwájú, òkúta wúruwùru tí wọ́n kàn fi pò mọ́ra ni. Kódà, ibòmíràn wà tó jọ ilé méjì lójú títì, tó jẹ́ ilé kan ṣoṣo ni nínú. Àwọn Òyìnbó fúnra wọn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní iwájú rẹ̀ jẹ́ ti ọbabìnrin, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ ọ̀dọ̀. Ká sòótọ́, iṣẹ́ ọlọ́nà ni, àmọ́ ọgbọ́n oníṣòwò wà níbẹ̀ ju ti ọlọ́nà lọ. Wood kò lówó tó lè fi kọ́ ààfin, ló bá kó ọgbọ̀n èèyàn jọ láti bá a kọ́ ọ.

Ọgbọ́n náà kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ John Wood, ló kọ́kọ́ gbé e dé Bath. Lákòókò yẹn, àwọn olówó ilẹ̀ England ti ń rọ́ lọ sí Bath nítorí omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ìwòsàn ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́, ijó àti ọkọ fún àwọn ọmọbìnrin wọn ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá. Wọn kì í gbé ibẹ̀ títí ayé, wọ́n á gba ilé fún ìwọ̀n ìgbà tí òde bá fi gbóná, wọ́n á tún padà sí London. Owó ilé gbígbà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọdún 1728 ni Wood àgbà bẹ̀rẹ̀ Queen Square, lórí ilẹ̀ Robert Gay, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó wà ní London, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Gay Street títí dòní. Wood gba ilẹ̀ náà fún ọdún 99, ó gé e sí pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì, ó sì fún àwọn bíríkìlà àti káfíńtà tó fẹ́ kọ́lé láti fi ṣòwò, pẹ̀lú àdéhùn pé bí òun ṣe ya iwájú rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn ló ya pláànù The Circus, ilé 33 tó yí ara wọn po róbótó, tí títì mẹ́ta wọ inú rẹ̀. Ọdún 1754 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọdún yẹn náà ni bàbá kú. Ọmọ ló parí rẹ̀ ní 1768. Bàbá yìí, orí rẹ̀ kì í ṣe orí lásán. Ó ti lọ wọn Stonehenge, àwọn òkúta àtayébáyé tí wọ́n tò yípo ní apá gúúsù England, ó sì gbà pé àwọn àlúfàá ayé àtijọ́ ti ní ilé ẹ̀kọ́ ńlá ní agbègbè Bath. Ìyẹn ló jẹ́ kó kọ́lé róbótó. Lórí ògiri The Circus, òkúta tí wọ́n gbẹ́ bí èso igi óákù ló tò yí òkè rẹ̀ po, nítorí ìtàn ìlú náà sọ pé ọmọ ọba kan tó lárùn ẹ̀tẹ̀, Bladud, di darandaran ẹlẹ́dẹ̀, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó ń jẹ èso yìí ló sì fi ẹrẹ̀ gbígbóná tó wo òun náà sàn hàn án. Bó bá jẹ́ òótọ́, bó bá jẹ́ irọ́, èso náà ṣì wà lórí ògiri.

Òkúta wọ̀nyí ńkọ́? Ẹnì kan ló di olówó ńlá lórí wọn, Ralph Allen lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Cornwall ni, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Bath, iṣẹ́ lẹ́tà ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Nígbà tó yá, ó ra àwọn kúárì tó wà lókè Combe Down. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà: òkè ni òkúta wà, ìsàlẹ̀ ni odò wà, ojú odò sì ni ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ ta wà. Ohun tí Allen ṣe ni pé ó la ojú irin onígi láti orí òkè wá sí etí odò Avon ní nǹkan bíi 1731. Ìwúwo òkúta náà ló ń fa kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀, bíréèkì ni wọ́n fi ń dá a dúró, ẹṣin ló ń fa òfìfo padà sókè. Àwọn èèyàn máa ń jáde wá wò ó bí ẹni ń wo eégún.

Ṣùgbọ́n London kò fẹ́ràn òkúta rẹ̀. Nígbà tí Allen fẹ́ kí wọ́n fi kọ́ ilé ìwòsàn àwọn atukọ̀ ojú omi ní Greenwich, ìtàn tí Wood kọ sílẹ̀ ni pé àwọn tó ń ta òkúta mìíràn bú u, wọ́n ní bíi wàràkàṣì ló rí, pé ìdin ni yóò jẹ ẹ́ tán. Iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ Allen. Inú bí i, ló bá ní kí Wood kọ́ ilé ràgàjì kan fún òun lórí òkè, Prior Park, kí gbogbo ẹni tó bá gbójú sókè ní Bath lè rí ohun tí wàràkàṣì lè ṣe. Kò tíì sí ìpolówó ọjà tó tó bẹ́ẹ̀. Ilé náà ṣì dúró.

Àwọn tó bú òkúta yẹn kò sì pa irọ́ tán. Òkúta Bath rọ̀ lóòótọ́. Inú òkun tó gbóná, tí kò jìn, ló ti wáyé ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù lọ́nà 160 ọdún sẹ́yìn, hóró kéékèèké bí ẹyin ẹja ló sì kóra jọ tó di òkúta. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹ jáde, omi ṣì wà lára rẹ̀, ayùn lásán lè gé e, èèyàn sì lè gé e síhìn-ín gé e sọ́hùn-ún láì fọ́. Bó bá ti gbẹ tán ni yóò tó le. Ìdí nìyẹn tí òpó 114 fi ṣeé ṣe ní Royal Crescent, nítorí ẹni tí yóò gbẹ́ irú òpó bẹ́ẹ̀ lára òkúta líle yóò pẹ́ nídìí rẹ̀. Àmọ́ òfin kan wà tí bíríkìlà kankan kò gbọ́dọ̀ ré kọjá: bí òkúta náà ṣe dùbúlẹ̀ nínú ilẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe tẹ́ ẹ lára ògiri. Ẹni tó bá nà án ró, omi òjò àti òtútù yóò máa hó o ní ìpele ìpele bí alùbọ́sà.

Nínú ilé, àjà kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín. Abẹ́ ilẹ̀ ni ilé ìdáná wà, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti ìdájí, èédú sì wà nínú ihò tí wọ́n kọ́ sábẹ́ títì iwájú ilé. Àjà tó tẹ̀ lé ti ilẹ̀ ni ti àlejò, òun ló ní òrùlé tó ga jù àti fèrèsé tó gùn jù. Bí ilé bá ṣe ń ga ni fèrèsé ń kéré sí i, títí dé abẹ́ òrùlé níbi tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń sùn, ògiri kékeré kan sì wà lókè tó fi ibẹ̀ pa mọ́ kí ojú títì má baà rí i. Èèyàn lè dúró síta kó ka ipò àwọn tó wà nínú ilé láti ara fèrèsé nìkan. Ìjọba náà sì ka fèrèsé o, nítorí láti 1696 títí di 1851 ni wọ́n ń gba owó orí lórí iye fèrèsé tó wà lára ilé. Ohun mìíràn tó máa ń ya àwọn kọ́lékọ́lé lẹ́nu ni àtẹ̀gùn òkúta wọn. Etí kan péré ló wọ inú ògiri, etí kejì kò sinmi lórí nǹkan kan, ìtẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbára lé èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 200 tí àwọn èèyàn ti ń gùn ún.

Níwájú Royal Crescent, wọ́n tún dá ọgbọ́n kan. Màlúù àti àgùntàn ń jẹko ní pápá ìsàlẹ̀, àwọn olówó fẹ́ máa wò wọ́n láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ kí wọ́n wá máa yàgbẹ́ síwájú ilé. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n sì mọ ògiri sínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà nínú ilé kò ní í rí ògiri kankan, yóò máa rò pé pápá kan ṣoṣo ni. Ẹran ló mọ̀ pé ibẹ̀ ò ṣeé kọjá.

Owó wo ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo fàájì yìí? Apá kan nínú ìdáhùn náà kan ilẹ̀ adúláwọ̀. Bristol, èbúté tí ọkọ̀ ti ń lọ kó ẹrú ní Áfíríkà, kò jìnnà sí Bath, owó ṣúgà àti owó ẹrú sì wọ inú ilé òkúta wọ̀nyí. Ẹ wo William Beckford. Oko ìrèké tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Jamaica, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń fi pàṣán ṣiṣẹ́, ló sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn olówó jù lọ ní England. Nígbà tí owó náà ń tán lọ, ó ta ilé ńlá rẹ̀ ní Fonthill lọ́dún 1822, ó sì kó wá sí Lansdown Crescent, òkìtì ilé òkúta mìíràn tó tẹ̀ bí ọrun lórí òkè Bath. Ibẹ̀ ló gbé títí tó fi kú ní 1844. Kò sí orúkọ ẹrú kankan lára ògiri náà.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó kọ́lé ló jèrè. John Wood kékeré fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo òpó rẹ̀, inú gbèsè ló kú sí. Ti John Eveleigh ló wá burú jù. Òun ló ya pláànù Camden Crescent tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1788 lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Àwọn ilé tó wà ní apá ìwọ̀ oòrùn dúró, àmọ́ ní apá ìlà oòrùn, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Wọn ò lè kọ́ ibẹ̀ parí. Títí dòní, ibi tó yẹ kó jẹ́ àárín gbùngbùn, tí wọ́n fi òpó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, kò sí láàárín mọ́, ẹ̀gbẹ́ kan gùn, ẹ̀gbẹ́ kan kúrú. Òpó ibẹ̀ gan-an jẹ́ márùn-ún, tó fi jẹ́ pé òpó kan dúró ní àárín gédégédé, níbi tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ti ní àyè ló yẹ kó wà. Nígbà tó di 1793, ogun Faransé bẹ́, báǹkì wó ní Bath, àwọn kọ́lékọ́lé sì jẹ gbèsè bẹẹrẹbẹ. Eveleigh wà lára wọn. Ilé àkọ́sílẹ̀ kún ìgboro.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilé àsopọ̀ olókùúta jẹ́ ti olówó nìkan ṣá. Ní apá àríwá, ní Yorkshire, òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ fún. Titus Salt, tó ń fi irun àgùntàn àti irun alpaca hun aṣọ, kó ilé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú èéfín Bradford, ó ṣí tuntun sí etí odò Aire ní 1853, ó sì kọ́ odindi ìlú yí i ká. Ó lé ní 800 ilé, òkúta ni gbogbo wọn. Orúkọ tirẹ̀ àti ti odò ló so pọ̀ tó di Saltaire. Ó fi orúkọ Caroline ìyàwó rẹ̀ pe àdúgbò kan, ó fi ti àwọn ọmọ rẹ̀ pe òmíràn. Ilé òṣìṣẹ́ kékeré, ti àwọn alábòójútó tóbi díẹ̀, ẹni tó bá mọ̀wé kà lára òkúta yóò mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọọṣẹ́ níbẹ̀ náà. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ṣáláńgá tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ohun ńlá nìyẹn láyé ìgbà tí odindi àdúgbò máa ń lo ẹyọ kan. Ilé ọtí kankan kò sí. Ìlú onílàákàyè ni, àmọ́ ẹni tí ọ̀gá bá lé lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá yẹn náà ni lánlọ́ọ̀dù rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà pa ilẹ̀kùn dé ní 1986, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni oníṣòwò kan rà á, tó sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń pàtẹ àwòrán. Àwọn ilé òṣìṣẹ́ náà ṣì wà, èèyàn ń gbé inú wọn.

Èyí tó dunni ni pé irú ilé òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó wà ní Bath kò rí irú àánú yẹn gbà. Ilé àwọn alágbàfọ̀, àwọn káfíńtà, àwọn tó ń gbé àga olówó kiri, òkúta kan náà ni wọ́n fi kọ́ wọn, láyé ìgbà kan náà. Lóru ọjọ́ 25 sí ọjọ́ 27, oṣù kẹrin, 1942, àwọn ọmọ ogun Jámánì rọ̀jò bọ́ǹbù sórí Bath láti gbẹ̀san Lübeck ìlú wọn. Èèyàn tó lé ní 400 kú. Iná jó ilé méjì gbẹ ní Royal Crescent, ìkejì àti ìkẹtàdínlógún, wọ́n sì tún wọn kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun parí, láti ọdún 1950 síwájú títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, káńsù fọwọ́ ara rẹ̀ wó ilé mẹ̀kúnnù lọ súà. Wọ́n ní ilé ti gbó, wọ́n ní kò ní balùwẹ̀. Òótọ́ ni, kò ní. Àmọ́ wọ́n lè fi balùwẹ̀ sí i. Àdúgbò Ballance Street lọ, búlọ́ọ̀kù fúláàtì rọ́pò rẹ̀. Ní 1973, akọ̀ròyìn kan, Adam Fergusson, gbé ìwé jáde tó pè ní The Sack of Bath, àwòrán ilé tí wọ́n ń wó ló kún inú rẹ̀, ìyẹn ló sì ta àwọn èèyàn jí.

Southgate ló yani lẹ́nu jù. Wọ́n wó ilé àtijọ́ tó wà níbẹ̀, wọ́n kọ́ ilé ìtajà onígun mẹ́rin sí i láyé 1970. Nígbà tó di 2007, wọ́n wó òun náà, kò tíì pé ogójì ọdún tó dúró. Ohun tí wọ́n wá kọ́ dípò rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2009, ni ilé ìtajà tí wọ́n fi òkúta Bath bò lójú, tí wọ́n ya bí ilé ayé John Wood. Àwọn tó ti kó kúrò lóríi kò padà o.

Lónìí, ó lé ní 5,000 ilé tí òfin dáàbò bò ní Bath, UNESCO sì ti ka ìlú náà mọ́ ogún gbogbo ayé láti 1987. Dúdú tí èéfín èédú kùn sára òkúta fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ti fọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọ̀ oyin ti padà. Ilé kìn-ín-ní ní Royal Crescent ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, àárín rẹ̀ ti di òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá sì ń gbé ibẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kàn dédé yí nǹkan padà. Láyé 1970, obìnrin kan tó ni ilé kejìlélógún kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní yẹ́lò, nígbà tí gbogbo tàwọn tó kù funfun. Káńsù kọ̀wé sí i pé kó tún un kùn. Obìnrin náà ní òun ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ẹjọ́, ó di ti mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, mínísítà sì dá obìnrin náà láre. Ilẹ̀kùn dúró ní yẹ́lò. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún méjì ọdún, ẹnì kan tún fi han John Wood pé òun ló ni ilé òun.

Ọ̀rọ̀ kù nílẹ̀, òun ló sì gbé àwọn aráàlú lọ́kàn jù. Òkúta tí wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé yìí, ibì kan ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Lábẹ́ Combe Down, níbi tí Allen ti lówó, ihò gbàǹgbà gbàǹgbà ni wọ́n fi sílẹ̀, òpó òkúta díẹ̀ ló gbé òkè náà ró, àwọn tó wá gbẹ́ lẹ́yìn wọn sì tún bù lára òpó náà. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn kọ́lé sórí rẹ̀. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n la títì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wọlé lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé níbòmíràn, ilẹ̀ tó wà láàárín ihò àti ìpìlẹ̀ ilé èèyàn kò ju mítà méjì lọ, àti pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ló wà lórí rẹ̀. Ẹ wo bí ọkàn ẹni tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò ṣe rí nígbàkigbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá kọjá. Ta ni yóò ra irú ilé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìjọba ló gbé owó kalẹ̀, ó lé ní 150 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Láti 2005 títí di nǹkan bíi 2010, wọ́n ń da kọnkéré onífòfó sínú ihò náà títí tó fi kún. Iye tí wọ́n dà síbẹ̀ tó nǹkan bíi 600,000 mítà onígun mẹ́ta. Ṣùgbọ́n wọn ò dí gbogbo rẹ̀. Irú àdán kan tó ṣọ̀wọ́n, tí òfin ilẹ̀ náà ń dáàbò bò, ti sọ inú ihò òkúta yẹn di ilé rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì láṣẹ láti lé e. Wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un láàárín kọnkéré náà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí àwọn aráàlú ti wọlé ti ilẹ̀kùn, àwọn àdán náà á máa fò jáde lábẹ́ ilé wọn.